Káfíńtà láti Camden: Ìrìnàjò James Churchwill Vaughan àti Ìdílé Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Ìlúà, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé ẹ̀yìn odi, ni ẹ ti gbọ́ orúkọ Kòfowórọlá Adémọ́lá, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba oyè ní Yunifásítì Oxford, ní ọdún 1935. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ nípa bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀ kò pọ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọba, kì í ṣe ológun olóyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlùfáà. Káfíńtà ni. Ìlú Camden ní South Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ti bí i ní ọdún 1828. Èkó ni ó kú sí ní ọdún 1893. Orúkọ rẹ̀ ni James Churchwill Vaughan.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ó kan Ìlúà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Ìdáhùn wa kò le. Ojú ọ̀nà tí a ń gbà láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn kọjá ní Ìjàyè, níbi tí ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ fi òòlù kan ìṣó ní ilẹ̀ Yorùbá. Ogun tí ó sì lé e kúrò níbẹ̀, apá Òkè-Ògùn kò mọ́ nínú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ó ń wá kiri fún ogójì ọdún ni ohun tí ẹgbẹ́ bí irú tiwa yìí dúró lé lórí: ibi tí ènìyàn lè pè ní ìlú tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í lé e.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Scipio Vaughan. Ẹrú ni Scipio, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ dáradára. Wylie Vaughan ni ó ni í, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ Vaughan ti wá. Nínú ìwé ìhágún olówó rẹ̀ yìí ni a ti kọ ọ́ pé kí Scipio di òmìnira, kí ó sì mú àwọn irin iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ irin iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó gba òmìnira láìní ayùn àti ìfági lọ́wọ́ yóò tún padà lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tú u sílẹ̀. Scipio fẹ́ Maria Conway, ọmọ Bonds Conway. Bonds Conway yìí pẹ̀lú ti jẹ́ ẹrú rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń ṣe káàkiri, tí ó ń tọ́jú owó títí ó fi ra ara rẹ̀ padà ní ọdún 1793. Ó ra ilẹ̀, ó kọ́lé, ilé kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ sì wà ní Camden títí di òní, tí a ń tọ́jú rẹ̀ fún ìrántí. Nítorí náà, láti ìhà bàbá àti láti ìhà ìyá, ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni a ti bí James Vaughan.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu inú ìdílé náà, ní Èkó àti ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọmọ Yorùbá ni Scipio, pé ọmọ Ẹ̀gbá ni, pé ilà ojú wà lójú rẹ̀, àti pé láti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti jí i gbé. A ní láti dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn àtijọ́ nínú igbó Ẹ̀gbá. Scipio ti wà ní Camden, ó ti ní aya, ó ti bímọ, kí Abẹ́òkúta tó wà rárá. Kò lè jẹ́ láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Àwọn kan wá ń sọ pé ará Òwu ni, tàbí pé ìlú Ẹ̀gbá kan tí ó ti tú ni ó ti wá. Òpìtàn Lisa Lindsay, ẹni tí ó tú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ méjèèjì wò fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kọ ìwé rẹ̀ Atlantic Bonds ní ọdún 2017, kò gbà pé ilẹ̀ Yorùbá ni a bí Scipio sí. Ó rí i pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Amẹ́ríkà ni a bí i sí.

Ní ti wa, a kò rí ìdí tí a ó fi sọ ìtàn ìdílé náà nù, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ohun tí ẹnu sọ wà ní àyè tirẹ̀, ohun tí ìwé sọ sì wà ní àyè tirẹ̀. Àwa ará Òkè-Ògùn mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ọ̀ràn oyè tàbí ààlà oko bá dé, ìtàn ni a fi ń jà, olúkúlùkù a sì máa fà á sí ìhà tirẹ̀. Ìdílé tí ó ti di ọlọ́lá ní Èkó láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìdí tí ó fi lè wù ú kí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá. Àwọn ìbátan wọn ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ tí a ti gba orúkọ àti èdè àwọn ènìyàn lọ́wọ́ wọn, ní ìdí tí ó tilẹ̀ lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí kò sí àríyànjiyàn púpọ̀ lórí rẹ̀ ni pé nígbà tí Scipio fẹ́ kú ní ọdún 1840, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kúrò ní South Carolina, kí wọ́n lọ sí Áfíríkà. Ó rí ohun tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 1822, wọ́n so Denmark Vesey kọ́ ní Charleston nítorí ẹ̀sùn pé ó ń múra ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú. Káfíńtà aláwọ̀ dúdú tí ó ti ra òmìnira ara rẹ̀ ni Vesey pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ń fojú ọ̀tá wo gbogbo aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Wọ́n ṣe òfin pé ọkùnrin irú wọn kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò dúró bí alágbàtọ́ fún un. Ní ọdún 1834, wọ́n fi òfin de kíkọ́ wọn ní ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni Vaughan nígbà náà, síbẹ̀ ó mọ ìwé kọ, ó sì mọ̀ ọ́n kà, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí. Òfin mìíràn wà tí ó burú jù: aláwọ̀ dúdú tí ó ní òmìnira, bí ó bá jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ padà wọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí Vaughan wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìparí ọdún 1852, ọ̀nà àlọ ni ó ní, kò ní ti àbọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ìyá, arákùnrin àti arábìnrin ni ó fi sílẹ̀.

Liberia ni ó kọ́kọ́ dé, ní ọdún 1853. Ilẹ̀ náà ti gba òmìnira ní ọdún 1847, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni ó ń ṣe ìjọba rẹ̀. Ẹni bá ro pé Vaughan yóò dúró síbẹ̀ kò ṣìnà, nítorí níbẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, tí kò sí alágbàtọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà ń pa àwọn àlejò bí ẹní ń ká èso, owó kò sí, àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá sì ń fi ara wọn ṣe olúwa lórí àwọn ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwàásù ìjọ Baptist ti gúúsù Amẹ́ríkà ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò bá wọn kọ́lé ní ilẹ̀ Yorùbá, ó bá wọn lọ ní ọdún 1855.

Báyìí ni ó ṣe dé Ìjàyè. Thomas Jefferson Bowen ti dá ibùdó ìjọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1853, lábẹ́ ààbò Kurunmi, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìwé tí a kọ lórí ìjọ náà kún fún orúkọ àwọn oníwàásù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ibi tí wọ́n ti ń wàásù? Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Ògiri amọ̀ kò ṣòro fún àwọn ará ibẹ̀. Àwọn baba wa mọ amọ̀ gùn, wọ́n mọ bí a ti ń mọ ọ́n ní ipele kan, tí a ó jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, wọ́n sì mọ koríko bẹẹrẹ bò ó. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni fèrèsé tí ó ń ṣí tí ó ń tì, àjà onípákó, àti ilẹ̀kùn tí a fi pákó púpọ̀ kàn pọ̀. Kí ayùn ńlá tó dé, àáké ni wọ́n fi ń gbẹ́ pákó, odidi ìtì igi kan kì í sì í mú púpọ̀ jáde. Àwọn oníṣẹ́ tí ó ti Liberia wá gbẹ́ kòtò, wọ́n gbé ìtì igi lé e lórí, ẹnì kan dúró lókè, ẹnì kejì wà nínú kòtò pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lójú, wọ́n sì ń fa ayùn láàárín ara wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ikán kò ní í jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀dàn bí tiwa yóò mọ̀ pé igi tí ènìyàn yàn ni yóò sọ bóyá ilé náà yóò dúró fún ọdún márùn-ún tàbí ogún ọdún. Káfíńtà tí ó ti Camden wá gbọ́dọ̀ tún igi kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí awọ ara rẹ̀ ti dúdú tó, òyìnbó ni àwọn ènìyàn ń pe irú rẹ̀, nítorí aṣọ, èdè àti ìwé. Ó ti dé ilẹ̀ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ àlejò níbẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn yìí pamọ́: ọmọ ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí ni ó wá ń gbé láàárín àwọn tí ó ní ẹrú. Ní Ìjàyè, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ẹrú ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń ro oko àwọn olórí ogun.

Ní ọdún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí oyè dípò kí ó bá bàbá rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí àṣà, Kurunmi sì kọ̀ láti tẹ́rí ba fún un. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Aláàfin. Ogun bẹ́ ní ọdún 1860, Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́. Kí ẹ má ṣe rò pé ogun ẹlòmíràn ni. Láti Òkè-Ògùn ni oúnjẹ ti ń wọ Ìjàyè nígbà tí ebi mú wọn, nítorí náà Ìbàdàn kó ogun sí apá ibẹ̀ láti dí ọ̀nà náà. Nínú ogun yẹn ni Ìwàwún parun. Kurunmi kú ní ọdún 1861, Ìjàyè sì tú ní oṣù kẹta ọdún 1862. Gbogbo pákó tí a fà, gbogbo ilẹ̀kùn tí a kàn, ìgbẹ́kẹ̀lé wọn parí sínú ogun náà.

Àwọn ọmọ ogun mú Vaughan fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí ó sá kúrò ní South Carolina kí wọ́n má bàa sọ ọ́ di ẹrú wá di òǹdè ogun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì forí lé Abẹ́òkúta lọ́wọ́ òfo. Níbẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbé ìbọn pẹ̀lú àwọn onílùú. Lákòókò tí ó wà níbẹ̀ ni Dàhómì wá kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1864 tí a sì ṣẹ́gun wọn. Ó fẹ́ Sarah Ọmọ́táyọ̀, ẹni tí ilé ìjọ tọ́ dàgbà. Ó dùn wá pé ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa obìnrin yìí kéré púpọ̀ sí ohun tí a kọ nípa ọkọ rẹ̀, nítorí òun ni ó so ọkùnrin náà mọ́ ilẹ̀ yìí ju ìtàn Scipio lọ.

Ẹni tí ó bá ìlú jagun, ṣé kò yẹ kí ó ti di ọmọ ìlú? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn ará Abẹ́òkúta, tí inú ń bí sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, dìde sí àwọn oníwàásù àti àwọn tí ó jọ mọ́ wọn. Wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Vaughan tún pàdánù gbogbo ohun tí ó ní, ó sì kó aya rẹ̀ lọ sí Èkó. Àwọn àgbà wa tí ó kúrò ní Ghana pẹ̀lú ẹrù orí nìkan ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún wọn.

Èkó ni ìyípadà dé. Ìlú náà ń kún fún àwọn tí ó ti òkè òkun padà dé, Sàró láti Freetown àti Àgùdà láti Brazil àti Cuba, gbogbo wọn sì ń kọ́lé. Àwọn Àgùdà ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ bíríkìlà. João da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Joseph Harden, oníwàásù Baptist aláwọ̀ dúdú tí òun náà ti Liberia wá, ti ń sun bíríkì ní Èkó kí ó tó kú ní ọdún 1864. Vaughan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ lè má tètè rí: gbogbo ẹni tí ó ń kọ́lé ni yóò ra ìṣó, àgádágodo, ayùn, òòlù àti páànù. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń tà wọ́n, ó sì di olówó. Kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ láti ìgbà tí wọ́n kó o lẹ́rù ní Abẹ́òkúta tí ó fi wà lára àwọn oníṣòwò tí ó lórúkọ ní Èkó.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti ọdún 1861 títí di 1865, ti gé ìjọ Baptist tí ó wà níhìn-ín kúrò lára ti ọ̀hún. Nígbà tí kò sí oníwàásù òyìnbó kankan mọ́, Vaughan àti opó Harden ni ó kó ìwọ̀nba ọmọ ìjọ tí ó kù ní Èkó jọ, tí wọ́n sì ń kọ̀wé sí Amẹ́ríkà pé kí wọ́n rán ènìyàn wá. W. J. David dé ní ọdún 1875. Ọkùnrin tí Vaughan bẹ̀ kí ó wá yìí ni ó wá bá jà lẹ́yìn náà. Ìwà David sí àwọn olùṣọ́ àgùntàn aláwọ̀ dúdú kò dára, nígbà tí ó sì yọ Moses Ládéjọ Stone lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ ìjọ kọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1888, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa tí ọmọ ilẹ̀ fúnra wọn ń darí. Vaughan wà ní iwájú wọn. Àwọn kan sọ pé ó ṣe abaraámóore-jẹ sí àwọn tí ó mú un wá sí ilẹ̀ Yorùbá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti rí irú ìwà náà ní Camden láti kékeré, ó sì ti sọdá òkun nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi fọkàn sí. Vaughan kò lè padà lọ gbé ní Camden, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tún rí ara wọn nípa ìwé. Àwọn ọmọ ń bá a lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ pẹ̀lú. Ó sọ ọmọkùnrin rẹ̀ kan ní Burrell, orúkọ arákùnrin tí ó fi sílẹ̀. Ó sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Aida Arabella. Orúkọ kan náà ni ọmọbìnrin kan jẹ́ nínú ìdílé arábìnrin rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bí Jewel Lafontant, agbẹjọ́rò ará Chicago tí ìjọba Amẹ́ríkà fi sí ipò gíga ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní ọdún 1973. Nígbà tí ìwé ìròyìn Ebony gbé ìtàn wọn jáde ní oṣù kejì ọdún 1975, ìdílé náà ṣì mọ ara wọn láti etí òkun kan dé èkejì, lẹ́yìn ohun tí ó ju ọgọ́fà ọdún lọ. Ní ilé wa gbogbo, nínú àpótí àwọn ìyá àgbà, lẹ́tà wà tí ó ti Tamale, Kùmásí àti Sekondi wá, ikán sì ń jẹ ẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò gba èyíkéyìí tí ẹ bá mú wá, yóò sì dá a padà.

Ní ti àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó, àkọ́bí ọkùnrin, James Wilson Vaughan, ṣe òwò bí bàbá rẹ̀. Ọmọ ọkùnrin yìí, tí òun náà ń jẹ́ James Churchill Vaughan, ni a bí ní ọdún 1893, ọdún tí bàbá àgbà kú. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ó sì wà lára àwọn tí ó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún 1934 pẹ̀lú Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà. Ẹgbẹ́ tí ó di Nigerian Youth Movement ni ní ọdún 1936. Ikú pa á ní ọ̀dọ́ ní ọdún 1937. Aida Arabella fẹ́ Eric Ọláwọlú Moore, agbẹjọ́rò, wọ́n sì bí Kòfowórọlá ní ọdún 1913. Ní ọdún 1939 ni Kòfowórọlá fẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ẹni tí ó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 1958. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Abẹ́òkúta, ìlú tí wọ́n ti fọ́ ilé bàbá àgbà rẹ̀ ní ọdún 1867.